Èdè Japan àti àwa Yorùbá Àbújá: ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́

Ọ̀rọ̀ ìtàn la tún gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ló wà nídìí rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ń bá pàdé báyìí. Ọmọ wọ yunifásítì, ó ń ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, tàbí iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ilé. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ fi èdè àti àṣà Japan kún un. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣe olórí ẹ̀kọ́ o, ẹ̀kọ́ kejì ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní minor. Bí bàbá bá gbọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Yorùbá tí à ń sọ nínú ilé, o ò gbọ́ ọ tán, ti Japan lo wá fẹ́ lọ gbọ́?" Ìyá á ní ṣé kì í ṣe torí àwọn àwòrán káàtúùnù tó ń wò mọ́jú yẹn? Ẹlòmíì á tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ọmọ náà gbọ́ "jápa" nínú "Japan" ni orí rẹ̀ ṣe wú.

A ò ní bú òbí kankan, torí owó ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun à-fi-ṣeré. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìtàn yìí dáadáa ná. Ọ̀rọ̀ àwa àti Japan kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù ọmọ. Ó ti lé ní 80 ọdún tí a ti ń pàdé, ohun kan tó sì ń yọjú nínú gbogbo ìpàdé náà ni pé ẹnu ẹlòmíì la fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ogun la fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa ń pè é ní ogun Bọ́mà. Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn wọ igbó Bọ́mà láti kojú àwọn ọmọ ogun Japan. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ni wọ́n, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan lára wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì fún un. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan yìnbọn lù wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, kò lè rìn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni wọ́n jọ fara pamọ́ sínú igbó ọ̀tá fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn Mùsùlùmí ará abúlé tó wà nítòsí ló ń bọ́ wọn, wọn ò sì tú wọn fó, títí ọmọ ogun tiwọn fi dé lóṣù Kejìlá. Ó padà sílé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, 2012 ló tó kú. Ẹni tó bá sì fẹ́ ka irú ìtàn yìí bí ìwé ìtàn àròsọ, Biyi Bandele kọ ọ́ ní 2007, ó pe ìwé náà ní Burma Boy. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan ni Bandele, bí wọ́n ṣe ń bí ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa náà sí ẹ̀yìn odi, bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó lọ Bọ́mà.

Ẹ wá wo ohun tó ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù lákòókò kan náà. Ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà tí orí wọn pé jọ, ó fún wọn ní owó ẹ̀kọ́, ó ní kí àwọn kan lọ kọ́ èdè Japan ní SOAS. Dulwich ni wọ́n ń gbé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní àwọn ọmọ Dulwich. Amẹ́ríkà náà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ológun orí omi tiwọn ní Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ọ̀kan nínú àwọn tí iléeṣẹ́ ológun orí omi kọ́ bẹ́ẹ̀, Donald Keene, ló wá di ọ̀gá nínú títúmọ̀ ìwé Japan sí Gẹ̀ẹ́sì, tó sì di ọmọ orílẹ̀-èdè Japan ní 2012 nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ẹni 90 ọdún. Àwọn tó kó wa lọ sógun mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ẹni tí wọ́n ń bá jà. Àwa tí wọ́n kó lọ, ìbọn títa, ẹrù rírù àti ọgbẹ́ dídì ni wọ́n kọ́ wa. Nígbà tí ogun parí, ọgbọ́n èdè ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn, àwa ní ẹ̀míìdà àti àpá.

Lẹ́yìn òmìnira, ọjà ló gbé Japan wọlé wa. Rédíò, ọ̀kadà, ẹ̀rọ amúnáwá, ọkọ̀. A ò ní pẹ́ lórí èyí, gbogbo wa la mọ Toyota. Ẹ ṣáà kíyè sí nǹkan kan: ìdarí ọkọ̀ tí wọ́n ń lò ní Japan, ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Àwa sì ti kó lọ sí apá ọ̀tún títì láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ìdarí ọkọ̀ tiwa ọwọ́ òsì ni. Torí náà, Toyota tòkunbọ̀ tí a ń rà, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló sábà máa ń gbà wá bá wa. Ọkọ̀ Japan pàápàá, ọwọ́ ẹlòmíì la ti ń gbà á.

Ìpàdé kẹta ló yẹ kó dùn mọ́ àwa ará Àbújá jù, mélòó nínú wa ló sì mọ̀ ọ́n? Ní 1975, ìjọba Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wò ó bóyá kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága wọn. Tai Solarin, onílé ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, wà lára ọmọ ìgbìmọ̀. Àwọn ni wọ́n dá a lábàá pé kí wọ́n wá sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ yìí, níbi tí àwọn Gbagyi àti àwọn onílẹ̀ yòókù wà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì 1976 ni wọ́n sọ ọ́ di òfin. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n pa Murtala.

Àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó pawọ́ pọ̀ ló ṣe ìwé ètò ìlú náà lápapọ̀, tí wọ́n parí ní 1979. Nígbà tó wá kan àárín ìlú gan-an, ìyẹn Central Area, ọwọ́ Kenzo Tange àti àwọn èèyàn rẹ̀ láti Japan ló bọ́ sí. Kì í ṣe ẹni kékeré o. Òun ló ya ọgbà ìrántí àlàáfíà ní Hiroshima, níbi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti balẹ̀. Òun ló ya gbọ̀ngàn eré ìdárayá Yoyogi fún Òlíńpíìkì Tokyo 1964. Ní 1987 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Pritzker, tí àwọn ayàwòrán ilé kà sí èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ dúró ní Eagle Square lọ́jọ́ kan tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ẹ kọjú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ ó rí bí gbogbo nǹkan ṣe tò lórí ìlà kan, tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà lọ́tùn-ún lósì, tí àpáta Aso sì dúró lẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Ọdún 1960 ni Tange ti gbé àbá kan kalẹ̀ fún Tokyo pé kí ìlú má fẹ̀ káàkiri bí omi tó dà sílẹ̀, kó máa gùn lọ lórí ìlà kan kọjá omi òkun. Lójú tiwa, ẹni tó bá wo àbá yẹn, tó sì wo Central Area, á mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló ya méjèèjì.

Yorùbá ṣe alága àwọn tó dá ilẹ̀ yìí lábàá, ará Japan ya àárín rẹ̀, àwa sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Èdè Japan ni Tange fi ronú, òun náà ló fi kọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó kọ. Ọmọ wa tó ń ka iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, tó sì ní èdè Japan bí ẹ̀kọ́ kejì, lè lọ ka bí ọkùnrin yìí ṣe ń wo ìlú, láì dúró de ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àǹfààní ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn: kò gba ipò olórí ẹ̀kọ́, ó ń là á lójú sí i ni.

Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ nílẹ̀ Áfíríkà? Íjíbítì ló ṣáájú wa jìnnà. Láti 1974 ni yunifásítì Káírò ti ní ẹ̀ka èdè àti lítíréṣọ̀ Japan, Káírò náà sì ni Japan Foundation, àjọ tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ ní 1972 fún ọ̀rọ̀ àṣà àti èdè, ní ọ́fíìsì sí nílẹ̀ Áfíríkà. Nítòsí wa níbí, ẹ wo orílẹ̀-èdè Benin. Zomahoun Rufin, tí wọ́n bí sí Dassa-Zoumé, ní ilẹ̀ àwọn ìbátan wa Ìdáàṣà, lọ kàwé ní Beijing, ó gba ibẹ̀ dé Japan, ó di ìlúmọ̀ọ́ká lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, ó kọ ìwé tó tà wàràwàrà, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílé. Ilé ẹ̀kọ́ èdè Japan tún wà ní Kútọnu tó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Tokyo. Nàìjíríà náà ní Bobby Ologun, orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, tó di ọmọ Japan tó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú èdè wọn tó ń fọ́. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Àmọ́ bí a bá ní ká yàn fún ọmọ tiwa, èyí tó dé orí àga aṣojú ni ká yàn o jàre.

Ṣáínà ti gbé ilé ẹ̀kọ́ Confucius wá sí Awka ní 2008 àti yunifásítì Èkó ní 2009. Ọ̀nà tí Japan gbà yàtọ̀. Owó ẹ̀kọ́ ló ń gbé wá, tí wọ́n ń pè ní MEXT. Láti 1954 ni wọ́n ti ń fi gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, aṣojú wọn ní Maitama níbí ló sì ń ṣètò ìdánwò fún àwa. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ máa ń fi ọdún kan kọ́ èdè náà ní Japan kó tó wọ yunifásítì. Èdè Japan wà lára ìdánwò tí wọ́n ń ṣe níbí pàápàá, yálà ọmọ náà gbọ́ ọ tàbí kò gbọ́ ọ. Ẹ rí i pé ẹni tó ti fi ọdún méjì kọ́ ọ bí ẹ̀kọ́ kejì, kò ní jókòó sídìí ìwé ìdánwò yẹn kó máa wo òrùlé.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Oríṣi MEXT kan wà fún ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àṣà Japan gan-an, ọdún kan ni; ẹni tó ń ka ìmọ̀ Japan bí olórí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tirẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ fún ìyẹn, minor kò tó o. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń kọ́ àwọn aṣojú wọn ní èdè sì ní ẹni tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ilé máa nílò nǹkan bí 2,200 wákàtí kó tó gbọ́ èdè Japan dójú àmì. Kò sí minor tó lè fún ọmọ ní wákàtí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀ ló lè fún un, ìyókù di ọwọ́ ọmọ. Ní yunifásítì tí kò bá sí ẹ̀ka rẹ̀, Japan Foundation ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Minato, ìdánwò JLPT sì wà tó bẹ̀rẹ̀ láti N5 títí dé N1 tó le jù. Iléeṣẹ́ Japan tó ń gbani síṣẹ́ sábà máa ń béèrè N2. Àwọn tó rán ọmọ lọ sí òkè òkun, ẹ rántí pé SOAS tó kọ́ àwọn ọmọ Dulwich yẹn náà ló kọ́ni ní Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ́ òrùlé kan náà o.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá yẹn: "Yorùbá, o ò gbọ́ ọ tán." Òótọ́ ni, ó sì dùn wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Àbújá, "ẹ káàárọ̀" ni wọ́n mọ mọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo inú èdè Japan fúnra rẹ̀, ẹ ó rí ohun ìyanu.

Bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ sí gígé nínú Yorùbá ni tiwọn ṣe ń pín: sa-ku-ra, To-yo-ta, ka-ta-na. Kọ́ńsónáǹtì kì í gun ara wọn lẹ́yìn. "N" tiwọn lè dá dúró bí "ń" tiwa nínú "ó ń lọ". Ohùn náà wà níbẹ̀. "Ame", bí ohùn bá lọ sókè kó tó wálẹ̀, òjò ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó lọ sókè, súìtì ni. "Hashi" náà rí bẹ́ẹ̀, ohùn ló ń sọ bóyá afárá ni tàbí igi tí wọ́n fi ń jẹun. Kì í ṣe gbogbo gígé ọ̀rọ̀ tiwọn ló ní ohùn tirẹ̀ bíi tiwa, àmọ́ ọmọ tí etí rẹ̀ ti mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà àti igba, kò ní fi òjò pe súìtì.

Ẹ wá wo ọ̀wọ̀. Àwa ní "o" àti "ẹ". Àwọn ń yí ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an padà: "taberu" ni jíjẹun láàárín ọ̀rẹ́, "meshiagaru" bó bá jẹ́ àgbà ló ń jẹun, "itadaku" bó bá jẹ́ ìwọ tó ń rẹ ara rẹ sílẹ̀ lo ń jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń kí ẹni tó ṣiṣẹ́ pé "otsukaresama". Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ fún un, Yorùbá ní: ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ń kí ẹni tó wọlé dé pé "okaeri", káàbọ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ní "brother" nìkan, kò sọ ta ló ṣáájú. Japan ní "ani" fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "ane" fún ẹ̀gbọ́n obìnrin, "otōto" àti "imōto" fún àwọn àbúrò. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe pàtàkì sí wọn bó ṣe ṣe pàtàkì sí wa.

Èyí tó tiẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti ìbejì. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Japan, ọmọ tó bá kẹ́yìn jáde ni wọ́n kà sí ẹ̀gbọ́n. Ní 1874 ni ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á láṣẹ pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni àgbà. Tiwa, kò sí ìjọba tó dán an wò. Kẹ́hìndé ṣì ni ẹ̀gbọ́n, Táyélolú ṣì ni ìránṣẹ́.

Ọmọ tó bá wá ń kọ́ nǹkan wọ̀nyí ní kíláàsì, ibo ló máa ti lóye wọn tètè? Nínú Yorùbá ni. Torí náà, dípò kí bàbá fi Yorùbá dí i lọ́nà, kó fi í ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ sì wà níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìwé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, The Palm-Wine Drinkard tó jáde ní 1952, ti di kíkà ní èdè Japan láti 1970. Tsuchiya Satoru ló túmọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Tutuola fi kọ ọ́, ó bọ́gbọ́n mu kó gba ibẹ̀. Fágúnwà ńkọ́, tó fi Yorùbá kọ tirẹ̀? Ẹni tó máa gbé e lọ sí èdè Japan tààrà gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì, kò sì sí ibòmíì tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wá ju inú ilé wa lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ẹ rántí oṣù Kẹjọ 2025. Níbi ìpàdé TICAD ní Yokohama, JICA, àjọ ìrànwọ́ Japan, so ìlú mẹ́rin tiwọn pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́rin Áfíríkà. Kisarazu, ní ìpínlẹ̀ Chiba, ni wọ́n so mọ́ Nàìjíríà, torí ibẹ̀ ló gba àwọn eléré ìdárayá wa lálejò nígbà Òlíńpíìkì Tokyo. "Hometown" ni wọ́n pe ètò náà. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn tó jáde láti Aso Rock fi sọ pé Japan máa ṣe físà àkànṣe fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ìjọba Japan sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pàṣípààrọ̀ lásán ni. Ní tiwọn lọ́hùn-ún, àwọn ará ìlú ń pe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Kisarazu lọ́tùn-ún lósì, wọ́n rò pé àlejò fẹ́ ya bò wọ́n. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, JICA fagi lé gbogbo ètò náà.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ní lẹ́tà Japan, "hōmutaun", tó sì di ìjà. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìlú ẹni túmọ̀ sí fún Yorùbá, àwa tí a ń kó ẹrù relé nígbà Iléyá àti Kérésìmesì láti Àbújá, á mọ̀ pé wọn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Bí a bá ní ogún ọmọ nínú àwùjọ wa tó lè ka ìwé tí JICA fi èdè Japan kọ lọ́jọ́ náà, a ò bá ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú pé kò sí físà kankan níbẹ̀. Nítorí irú ìròyìn báyìí ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń rí owó gbà lọ́wọ́ òbí.

Àwọn aṣojú Japan sábà máa ń ṣí ìforúkọsílẹ̀ MEXT láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún lọ́dọọdún. Ẹ lọ wo ojú ìwé tiwọn fúnra wọn, ẹ má gbà á lẹ́nu aṣojú-ẹni-kan. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá lọ Bọ́mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ìlú yín sísàlẹ̀ níbí, bí fọ́tò tàbí ẹ̀míìdà bá ṣì wà nílé, ẹ gbé e síta ká rí i. Ẹni tó ní ọmọ tó ń kọ́ èdè Japan lọ́wọ́, ẹ ní kó bá wa sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ní Yorùbá o, bó ti wù kó mọ.